Orí Kẹfà: Iná Ìlara ní Ilé Ìwọ̀n

"O ti jẹun?"

Ọ̀gá Fálórè ló ń bi í, bẹ́ẹ̀ ló ń fa okùn awọ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ bí ẹni ń so ewúrẹ́.

"Mo ti yó, sà," Ìyùnadé dáhùn.

"O ti sùn?"

"Mo ti sùn, sà."

"Ìwọ àti ẹnikẹ́ni ò jà?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà."

"O mọ ẹni tó ni iṣẹ́ tí o fẹ́ wọ̀n yìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Ọdún kejìlá rèé tí obìnrin yìí ti ń dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn láràárọ̀ ní Ilé Ìwọ̀n, kò sì sẹ́ni tó tíì ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu rí. Ìjọba ti rò ó tán kí wọ́n tó gbé àga kalẹ̀. Ògì àti ẹ̀wà tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń fún àwọn òǹwọ̀n jẹ ní kùtùkùtù, kí ebi má baà tan iná wọ̀bìà. Wọ́n á ní kí wọ́n lọ sùn fún wákàtí kan, kí oorun má baà tan iná ìmẹ́lẹ́. Èyí tó bá bá ọkọ rẹ̀ jà kí ilẹ̀ tó mọ́, kó yáa padà sílé. Gbogbo nǹkan tó lè wá láti ara èèyàn ni wọ́n ní àwọn ti tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó lè jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ á rí. Ẹ ò rí i pé orí wọn pé.

Iná méjèèje wà lára ògiri lápá òsì rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ èkejì: ìgbéraga, ojúkòkòrò, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìlara, wọ̀bìà, ìbínú, ìmẹ́lẹ́. Fíìmù ni o, orin ni o, àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni o, kò sí èyí tó lè jáde síta láì kọ́kọ́ gba ojú òǹwọ̀n àti etí òǹwọ̀n kọjá. Okùn awọ yẹn ń ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti òógùn rẹ̀. Bó bá wo iṣẹ́ náà tán tí iná kankan ò tàn, wọ́n á lu òǹtẹ̀ méje sí i, ó di ti gbogbo ayé. Bí ẹyọ kan péré bá tàn, ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà nìyẹn, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á sì fi òrùka bọ ẹni tó ṣe é ní àtàǹpàkò. Ẹni tí òrùka yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá fọwọ́ kan kámẹ́rà, kámẹ́rà á kú. Bó bá mú gìtá, okùn á já. Títí ayé ni.

Báyìí náà ni oríkì ṣe kúrò nínú orin. Lọ́dún kẹta tí òfin iná méje yìí, Òfin Méje, dé, gbogbo òǹwọ̀n tí wọ́n fi oríkì ìdílé rẹ̀ sí létí ni iná ìgbéraga tàn fún, ni ìjọba bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ nínú oríkì. Ẹni tí wọ́n ki bàbá ńlá rẹ̀ tí orí rẹ̀ ò wú, ṣé èèyàn nìyẹn? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Orin tó kù lórí rédíò báyìí dà bí omi tí wọ́n ń dà sínú garawa.

"Jókòó dáadáa," Fálórè wí. Ọkùnrin gíga ni, ojú rẹ̀ le, inú rẹ̀ kì í sì í dùn àfi bí iná bá tàn. "Èyí táa fẹ́ wò yìí, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ kiri kó tó débí. Mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ kiri."

Ó pa iná yàrá, ògiri iwájú sì mọ́lẹ̀. Kò sí orúkọ lórí fíìmù náà. Wọ́n máa ń gé orúkọ kúrò kó tó dé iwájú òǹwọ̀n.

Ìyá arúgbó kan jókòó nínú àgbàlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lórí àpótí láàárín orókún rẹ̀. Ìyá ń di irun fún un. Báàgì kan wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n ti dì í tán, ọmọ náà ń lọ sọ́nà jíjìn nígbà tílẹ̀ bá mọ́. Kò sẹ́ni tó pariwo. Kò sẹ́ni tó jẹun. Ìyá di ìlà kan dé ìpàkọ́, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wò ó, ó ní, "Kò gún," ó sì tú u. Ó tún un dì. Ó tún wò ó. "Kò gún."

Ìlà náà gún régé. Ìyùnadé rí i, ó sì yé e lójijì pé ìyá yìí ò fẹ́ kí irun náà parí láéláé.

Ibẹ̀ ló ti mọ ẹni tó ni iṣẹ́. Ó wo ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí, kò ga ju ojú ẹni tó jókòó sórí àpótí lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ sínú eruku nítorí kó lè gbé kámẹ́rà síbẹ̀ yẹn. Adépèjù. Àwọn méjèèjì ló jọ kọ́ṣẹ́ fíìmù lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Ìkìrun, Ìyùnadé fi ọdún mẹ́ta ṣe ẹ̀gbọ́n fún un, wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan. Nígbà tí òfin le, Ìyùnadé ló sọ fún gbogbo ẹni tó ń fetí sílẹ̀ pé fíìmù tí kò bá ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú, òkú ni, kò ṣeé ṣe kó má jẹ́ òkú. Adépèjù ní ó ṣeé ṣe. Wọ́n bú ara wọn lọ́jọ́ náà títí kan ìyá tó bí wọn. Ìyùnadé gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀, ó wá gbaṣẹ́ ní Ilé Ìwọ̀n, ó sì ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ láti ọdún yẹn wá pé òun ò pàdánù nǹkan kan.

Òfin sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Òǹwọ̀n tó bá dá oníṣẹ́ mọ̀ lójú iṣẹ́ rẹ̀, kó gbé ọwọ́ tí kò sí nínú okùn sókè, wọ́n á dá fíìmù dúró, wọ́n á pe ẹlòmíì. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra lóòótọ́. Ó dé ibi èjìká. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀ sórí itan. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ó fẹ́ wò ó ni. Láti ọdún méjìlá tó ti ń wo omi inú garawa, èyí ni àkọ́kọ́ tó wò tó gbàgbé ibi tó jókòó sí.

Ìyá tú irun náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé òòyà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yọ irun ọmọ rẹ̀ kúrò nínú eyín òòyà, ó ká a mọ́ ìka, ó sì fi pamọ́ sí ìgbátí ìró rẹ̀ níbi tí ọmọ náà ò ti lè rí i. Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, Ìyùnadé jowú. Ó jowú débi pé ó ń ta á láyà bí ata. Òun ló yẹ kó ronú ìyẹn. Òun ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku yẹn.

Iná kẹrin tàn.

"Ẹ́n-ẹ̀n," Fálórè wí, ó dá fíìmù náà dúró síbẹ̀. "Ìlara. Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó tan iná yàrá, ó ṣí àpótí irin kékeré tó wà lórí tábìlì, òrùka sì wà nínú rẹ̀ lórí òwú. Ó tẹ bọ́tìnì agbohùnsílẹ̀ kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè wọlé, ó wá pe ẹni tó ni iṣẹ́. Kò tú okùn lọ́wọ́ Ìyùnadé. Òfin ni pé òǹwọ̀n ò gbọdọ̀ dìde títí oníṣẹ́ á fi rí iná náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kó má baà sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n yí i.

Adépèjù wọlé. Obìnrin kúkurú ni, irun iwájú rẹ̀ ti funfun, bàtà rẹ̀ ti jẹ lẹ́yìn. Ó wo iná. Ó wo ẹni tó wà lórí àga.

"Ìwọ," ó wí níkẹyìn. Nígbà kan rí, "ẹ̀gbọ́n mi" ni ì bá pè é, á sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ jókòó, ìyáàfin," Fálórè wí. "Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni. Mi ò jókòó. Iná ìlara lẹ ní ó tàn? Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí."

"Ibẹ̀ náà lẹ ń wò lára ògiri yẹn."

Adépèjù yíjú sí ògiri. Ìyá ṣì wà níbẹ̀, irun lára ìka. "Ta ló ń ṣe ìlara níbí? Ìyá ni àbí òòyà?"

"Ẹ̀rọ ò mọ ìyá, kò mọ òòyà. Ẹ̀ṣẹ̀ ló mọ̀."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é," Adépèjù wí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Mo yọ oúnjẹ kúrò nínú ẹ̀. Mo yọ ọkọ kúrò. Mo yọ ilẹ̀kùn kúrò lẹ́nu yàrá kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan gbá mọ́ ẹnìkan lójú. Gbogbo ohun tó lè tan iná yín ni mo ti fọwọ́ ara mi yọ, ohun tó kù, mo fi ṣe fíìmù. Ẹ wá ní ìlara." Ó yíjú padà sórí àga. "O mọ̀ pé èmi ni."

"Wọ́n gé orúkọ kúrò," Ìyùnadé wí.

"Orúkọ kọ́ ni wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ mi, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. O dá mi mọ̀, o sì jókòó pa."

"Má wá bú mi níbi iṣẹ́ mi."

"Iṣẹ́ wo? Ṣé èyí niṣẹ́? O jí, wọ́n fún ẹ lógì, wọ́n ní kí o sùn, o sùn, wọ́n wá gbé ẹ sórí àga kí o máa ba tẹlòmíì jẹ́. Ìwọ tí o ò lè parí fíìmù kan ṣoṣo kó tó di pé òfin dé. Òfin ò dá ẹ dúró, Ìyùnadé. Ó bá ẹ bo ìdí ẹ ni."

Iná kẹfà tàn, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí i. Ìbínú ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Fíìmù ò sì lọ. Ìyá arúgbó náà kò mira lára ògiri láti ìgbà tí Fálórè ti dá a dúró, òòyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó ń bí ẹnikẹ́ni nínú nínú àgbàlá yẹn. Ìyùnadé nìkan ló ń mí gúlegúle lórí àga, tòun ti okùn awọ lọ́rùn ọwọ́.

Fálórè kọ́kọ́ pa agbohùnsílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí okùn náà láti tú u, ṣùgbọ́n Ìyùnadé fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ọ̀gá bi í, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

"Jẹ́ n bá ẹ mọ̀ ọ́n. Ìbínú yẹn, inú fíìmù ló ti wá. Ó kù sí ẹ lára ni. Màá tan ẹ̀rọ yìí padà, wàá sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a máa parí iṣẹ́ wa."

"Ẹ ń kọ́ ọ nírọ́ lójú mi," Adépèjù wí.

"Ẹ dákẹ́, ìyáàfin." Kò tiẹ̀ wò ó. "Ìyùnadé, o mọ apá kejì òfin. Bí òǹwọ̀n bá sọ pé òun lòun ni ẹ̀ṣẹ̀ tó tàn, iṣẹ́ náà bọ́, òǹtẹ̀ méje la máa lù ú lójú ẹsẹ̀. Òǹwọ̀n ò ní bọ́. Irin á lọ sẹ́yìn etí ẹ. O rántí Oyèéyẹmí?"

Ó rántí. Oyèéyẹmí ti jókòó lórí àga tó tẹ̀ lé tirẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó fi irin sí i. Irin náà kò tó ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tó ní in bá wọlé sí, àwòrán á ṣú, orin á dákẹ́, kódà láàárín ìdílé àti ọ̀rẹ́. Ìyùnadé wà níbi ìkómọ kan tí Oyèéyẹmí wá. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọ àgbàlá, orin dá. Àwọn ìyá àgbà ló kọ́kọ́ mọ ìdí ẹ̀, àwọn ló sì kọ́kọ́ lé e. Wọ́n gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e síta, ó dúró jẹ ẹ́ lẹ́bàá gọ́tà, kò sẹ́ni tó bá a dúró. Ìyùnadé pàápàá ò bá a dúró.

Ó bẹ̀rù. Kò ní ọkọ mọ́, kò bímọ, kò sí ohun tó ń gbé e dìde lórí ibùsùn láràárọ̀ bí kò ṣe pé bóyá lónìí, láàárín gbogbo ìdọ̀tí tí wọ́n ń gbé wá, ó lè rí ohun kan tó dáa wò. Bí wọ́n bá gba ìyẹn, kí ló kù? Ó sì kórìíra obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ pé Adépèjù bẹ̀ ẹ́ ni, bó bá tiẹ̀ sunkún díẹ̀, ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ bàtà.

Ìyùnadé gbójú sókè wo ògiri. Irun ṣì wà lára ìka ìyá. Bí òrùka bá wọ ọwọ́ Adépèjù, wọ́n á pa fíìmù yìí rẹ́ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, òun ò sì ní rí ìyókù rẹ̀. Bí irin bá wọ ẹ̀yìn etí tòun, òun ò ní rí ìyókù rẹ̀ náà. Bó ṣe wù kó já sí, tòun ti tán. Ohun tó kù ni bóyá ẹlòmíì á rí i tàbí kò ní rí i.

"Ẹ tan agbohùnsílẹ̀, sà."

"Ìyùnadé."

"Ẹ tàn án."

Fálórè ò mira. Ìyùnadé na ọwọ́ tirẹ̀ tí kò sí nínú okùn kọjá orí tábìlì, ó tẹ bọ́tìnì náà fúnra rẹ̀.

"Èmi Ìyùnadé, òǹwọ̀n," ó wí. "Fíìmù yìí ò tíì jìnnà tí mo ti dá oníṣẹ́ mọ̀. Mo gbọ́wọ́ sókè, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ìlara tó tàn, tèmi ni. Kò sí nínú iṣẹ́ náà. Mo jowú rẹ̀, mo ṣì ń jowú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí." Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà. "Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan wá láti Ìrágbìjí, ó ya àwòrán àgbàdo sísun lórí ẹyín iná. Iná wọ̀bìà tàn, wọ́n fi òrùka bọ bàbá yẹn. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn yìí, kó mọ̀ pé ebi ló ń pa mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wà wọn ti kan, mi ò lè jẹ ẹ́, mo ní mo ti yó."

Fálórè wo ẹ̀rọ náà bíi pé ó fẹ́ gbá a mọ́lẹ̀. Ohùn tó bá ti wọ inú rẹ̀, kò sí ẹni láyé tó lè yọ ọ́ kúrò, òun náà ló kọ́ gbogbo òǹwọ̀n bẹ́ẹ̀.

"O ti ba tèmi náà jẹ́," ó wí. "Wọ́n á ní kí n kó gbogbo èyí tó ti gba ọwọ́ ẹ kọjá jáde. Gbogbo ẹ̀." Ó ti àpótí òrùka. Ó ṣí èkejì.

Kò rọra ṣe é. Ó ti orí Ìyùnadé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tẹ irin náà mọ́ ẹ̀yìn etí ọ̀tún rẹ̀, ó ta á bí ìjàlọ. Ìyùnadé ń wo ògiri nígbà tó wọlé. Ìyá arúgbó náà ṣú, àpótí ṣú, báàgì tó wà lẹ́bàá ògiri ṣú, ó ku ògiri funfun lásán.

Wọ́n tú okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀ méje sára fíìmù Adépèjù níwájú rẹ̀, ó ka gbogbo ẹ̀ bó ṣe ń dún, wọ́n sì ti àwọn méjèèjì síta papọ̀ bíi pé ẹjọ́ kan náà ni wọ́n jẹ.

Lórí àtẹ̀gùn, Adépèjù ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ó gbá iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra lábẹ́ apá. Kò dúpẹ́. Mi ò sì ní purọ́ pé ó wù ú láti dúpẹ́.

"Adépèjù."

Ó dúró, kò yíjú padà.

"Ṣé ó di irun náà tán? Ìyá yẹn. Ṣé ọmọ ẹ̀ lọ?"

Ìgbà yẹn ló yíjú. Ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti ń ṣàn sí kọ́là aṣọ, ó sì wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á.

"Mi ò ní sọ fún ẹ," ó wí. "Ìwọ lo ní kò ṣeé ṣe. Lọ parí ẹ̀ fúnra ẹ."

Ó sì lọ.

Inú bí Ìyùnadé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lẹ́nu géètì. Rédíò ọlọ́dẹ dákẹ́. Ọkùnrin náà gbọ̀n ọ́n, ó gbá a nídìí, ó gbójú sókè, ó rí etí rẹ̀, ó ní, "Ṣe kíá, kọjá. Ẹ̀yin èèyàn yìí." Àná ni ọlọ́dẹ yìí bèèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ sí títì, oòrùn mú, kò mọ ibi tó ń lọ, ó sáà ń rìn, ó ń bú Adépèjù lábẹ́lẹ̀, ó ń bú u ní gbogbo orúkọ tó mọ̀. Lọ parí ẹ̀ fúnra ẹ. Ta ló ń bá wí báyẹn? Ìyá tú irun lẹ́ẹ̀kẹta, ó dáa, kí ló wá kù? Kó tú u lẹ́ẹ̀kẹrin? Rárá, ẹ̀ẹ̀kẹrin á ti pọ̀ jù. Kí oòrùn wọ̀? Ọmọdé ló máa ń fi oòrùn wíwọ̀ parí nǹkan. Kí ìyá sunkún? Ó pòṣé, obìnrin kan tó ń kọjá wò ó tìfuratìfura.

Ó dúró láàárín ọ̀nà.

Ìyá ò ní tú u mọ́. Ó máa dì í dé ìpàkọ́, ó máa tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wò ó, kò sì ní lè sọ pé kò gún, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, irọ́ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó máa so ó. Ó máa ní, "Ó ti parí." Ọmọ náà máa jókòó síbẹ̀ lórí àpótí, kò ní dìde. Lẹ́yìn náà, ó máa gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn orí, ó máa wá ibi tí wọ́n so ìlà náà sí, ó máa tú u. Kò ní bojú wẹ̀yìn. Ó máa ní, "Ìyá mi, kò gún. Ẹ tún un dì."

Ìyùnadé dúró nínú oòrùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nu ún.

"Kí tìẹ dáa ju ìyẹn lọ," ó wí síta, sí títì tí Adépèjù ti gbà lọ. "Kó dáa jù ú lọ, ká rí i."